Wọ́n yọ aláìṣẹ̀, wọ́n fi ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀: àkọsílẹ̀ páwà sọ́pláì 12 V kan tí kò tàn

Páwà sọ́pláì 12 V, 5 A ni wọ́n gbé wá, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di iná kékeré, irú èyí tó wà nínú àpótí irin oníhò wẹ́wẹ́, tó ń gba iná 230 V wọlé. Àìsàn rẹ̀ kò ní ariwo nínú: kò tàn ni. Iná kékeré aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ kò mọ́, ojú ibi tí 12 V ti ń jáde wà lórí òdo, kò rùn, kò dún, fíúsì rẹ̀ kò já. Ẹnì kan ti tú u kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Onítọ̀hún ti pààrọ̀ rẹsísítọ̀ kan, ohun kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù, ní apá 12 V, ó sì fi ọ̀rá kékeré di èyí tó yọ mọ́ ìdérí àpótí. Àtúnṣe yẹn kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀rá kékeré yẹn la kọ́kọ́ fi pamọ́, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà.

Ẹni tó ṣe é ní mítà, ó sì lò ó. Nọ́ńbà tó rí lórí bọ́ọ̀dù ló ṣì í lọ́nà. Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí fẹ́ fi hàn nìyí: tí kò bá ti sí iná kankan tó kù nínú bọ́ọ̀dù, tí ẹ wá wọn rẹsísítọ̀ tó ṣì wà lójú iṣẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì kéré sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Tó bá ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ kọjá ààyè tí wọ́n fún un, tó dúró bẹ́ẹ̀ tàbí tó tún ń gòkè sí i, rẹsísítọ̀ náà ti bàjẹ́.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí mítà ṣe ń ṣiṣẹ́. Mítà tó wà lórí Ω, ojú tí wọ́n fi ń wọn ìdènà, máa ń fi bátìrì ara rẹ̀ rán ìṣàn iná tíntín gba inú ohun tí ẹ fi abẹ́rẹ́ méjèèjì kàn. Á wo iye fóólítì tó hù láàárín wọn, á sì fi ìṣàn yẹn pín in. Òfin tí Georg Ohm ará Jámánì tẹ̀ jáde ní 1827 ló ń tẹ̀ lé. Mítà gbà pé gbogbo ìṣàn tí òun rán jáde ló gba inú rẹsísítọ̀ yẹn kọjá. Lórí bọ́ọ̀dù, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìṣàn náà á pín: apá kan á gba inú rẹsísítọ̀, apá kan á gba inú àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fóólítì tó hù á kéré, nọ́ńbà tó jáde á sì kéré pẹ̀lú. Kò sí ọ̀nà tuntun tí wọ́n lè là sí ọjà tí yóò mú kí ọjà ṣòroó wọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tó ga ju bó ṣe yẹ fi jẹ́ ẹ̀rí, tí èyí tó kéré kì í ṣe ẹ̀rí.

Iná tó kù nínú kàpásítọ̀

Lẹ́yìn dáyódù mẹ́rin tó ń sọ iná ilé di DC, iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, kàpásítọ̀ 100 µF, 400 V ló wà níbẹ̀, ohun tó ń kó iná pamọ́ (µF ni wọ́n fi ń wọn iye tó lè kó). Iná 230 V tó bá wọ irú kàpásítọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dúró ní 230. Ṣóńṣó ìgbì iná ni kàpásítọ̀ ń dì mú, ìyẹn nǹkan bí 325 V. A ki púlọ́ọ̀gì bọ iná, a yí mítà sí DC ní ojú 1000 V, a rí 322 V. A yọ púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan gbáko, 210 V ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, 38 V.

Ẹ fara balẹ̀ wo iye yẹn. Páwà sọ́pláì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú iná yìí tán ní kíá tí wọ́n bá yọ púlọ́ọ̀gì, torí ẹrù, ìyẹn ohun tó ń lo iná náà, wà tó ń mu ún. Èyí tó ti kú kò ní ohun tí yóò mu iná rẹ̀. Òkú páwà sọ́pláì léwu ju ààyè rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi mítà tó wà lórí Ω kan irú kàpásítọ̀ bẹ́ẹ̀, iná á gba inú mítà wọlé: nọ́ńbà á máa fò sókè fò sílẹ̀, àmì ìyọkúrò lè hàn níwájú rẹ̀, tàbí kí ohun tó ń dáàbò bo inú mítà jó. Lára ọ̀pọ̀ mítà, ààbò ojú Ω kò ju 250 V lọ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ yín ló kàn án, 210 V DC tó láti pa ènìyàn lára gidigidi.

Rẹsísítọ̀ 10 kΩ (ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá Ω), 5 W la fi fà á gbẹ. A jó wáyà oníke mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a fi rọ́bà bo ojú ibi tí lẹ́ẹ̀dì (irin yíyọ́ tó lẹ wáyà mọ́ ẹsẹ̀) wà, a fi kan ẹsẹ̀ méjèèjì kàpásítọ̀, a sì ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá láìkánjú. Pẹ̀lú 100 µF, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń mú fóólítì wálẹ̀ sí díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, nítorí náà mẹ́wàá ti tó, ó tún lé. Ẹ má fi ṣíkírúdíráfà ṣe é. Agbára tó wà nínú kàpásítọ̀ yẹn lójú 322 V ju jùlù márùn-ún lọ. Ó ń ta páná, ó ń jẹ ẹsẹ̀ kàpásítọ̀, ó sì lè ká bàbà kúrò lórí bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà a tún yí mítà sí DC, a rí i pé 0.2 V ló kù, ká tó yí i sí Ω. Kàpásítọ̀ ńlá a máa hu fóólítì díẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fà á gbẹ, ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ṣáájú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì rántí gbé 10 kΩ náà kúrò. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òun náà ti di ọ̀nà ọjà.

Àwọn nǹkan tí ìdènà wọn kéré

Mítà tí a lò kì í yan ojú ìwọ̀n fúnra rẹ̀; ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i sí 200 Ω, 2k, 20k, 200k àti 2M. Wáyà dúdú wà ní COM, pupa wà ní ihò tí wọ́n kọ VΩ sí. Àmì bátìrì kò hàn lójú rẹ̀. Tó bá ti hàn, ẹ pààrọ̀ bátìrì kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà kankan gbọ́. Ní ojú 200 Ω, a tẹ ẹnu abẹ́rẹ́ méjèèjì mọ́ ara wọn, 0.3 Ω ló jáde, kò sì mì bí a ṣe ń ṣẹ́ wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìdènà wáyà mítà fúnra rẹ̀ nìyẹn, a ó máa yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo nọ́ńbà kéékèèké. Tí nọ́ńbà yẹn bá ń fò láti 0.3 sí 1.8 bí ẹ ti ń mi wáyà, okùn inú wáyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já nídìí abẹ́rẹ́, kò sì sí ìwọ̀n tó máa dúró.

Fíúsì mú 0.4 wá, ìyẹn 0.1 Ω tí a bá yọ ti wáyà. Ó wà láàyè. Tẹ̀mísítọ̀ tó ń dín ìjà iná kù nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki púlọ́ọ̀gì mú 5.4, ìyẹn 5.1 Ω, 5 Ω ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ ní nǹkan bí 25 °C ni iye yẹn jẹ́ òtítọ́. Irú rẹ̀ tó bá gbóná máa ń lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jó lẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ MOSFET, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń tan iná tó sì ń pa á bíi súìṣì, kò sí ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn ibi tí iná ti ń gba ọ̀nà àbùjá láìsí ìdènà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú ìwọ̀n tó ń dún pí-í-ì ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ mítà, ohunkóhun tí kò bá tó nǹkan bí 30 sí 50 Ω ló ń dún. Rẹsísítọ̀ 22 Ω yóò dún, fíúsì tó dára yóò dún, tiransifọ́mà yóò dún. Ohùn náà sọ fún yín pé ọ̀nà wà. Kò sọ bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó.

Rẹsísítọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ MOSFET, èyí tó ń jẹ́ kí áísì (ohun dúdú kékeré tó ń darí iṣẹ́ páwà sọ́pláì) mọ iye ìṣàn tó ń kọjá, jẹ́ 0.33 Ω. Mítà mú 0.6 wá, tí a yọ 0.3, ó ku 0.3. A kò lè gba ìyẹn ní ìdáhùn. Ojú 200 Ω kò lè fi ohun tó kéré sí 0.1 hàn, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ sì lè fi méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀, nítorí náà mítà yìí kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín 0.33 àti 0.47. Ohun tí a ṣe ni pé a rán 0.5 A gba inú rẹ̀ láti ara páwà orí tábìlì tí a ti dín ìṣàn rẹ̀ kù sí iye yẹn, a sì fi abẹ́rẹ́ mítà kan ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ gan-an, lápá inú sí ibi tí àwọn ẹ̀mú páwà wà. Ní ojú 2 V, 0.167 V ló jáde. Ẹ fi 0.5 pín in: 0.334 Ω. Ìdènà wáyà mítà kò wọ inú ìṣirò yìí mọ́, torí ìṣàn 0.5 A náà kò gba inú wáyà mítà kọjá rárá. Nǹkan tí kò bá tó 1 Ω, ọ̀nà yìí nìkan la fi ń wọ̀n ọ́n.

Rẹsísítọ̀ inú ọ̀rá

Àwọ̀ ara rẹ̀ ni búráùn, eérú, ọsàn, góòlù: 18 kΩ, pẹ̀lú ààyè ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sílẹ̀. Lójú 20k, 17.9 ló mú wá. Ara rẹ̀ le koko. Kí ló wá dé tí wọ́n fi yọ ọ́?

A fi abẹ́rẹ́ kan tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, bó ṣe wà lórí bọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 3.7, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó dúró gbọn-in lórí 4.33 kΩ. Ohun tí ẹni yẹn rí nígbà náà nìyẹn: 4.33 lára ohun tí wọ́n kọ 18 sí. Ó dá a lẹ́bi pé ìdènà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìṣàn náà. 18 kΩ wà láàárín ìlà 12 V àti ẹsẹ̀ tí TL431, áísì kékeré tó ń ṣọ́ 12 V kó má yẹ̀, fi ń wo fóólítì, 4.7 kΩ wà láti ẹsẹ̀ yẹn dé ìsàlẹ̀, ìyẹn ojú òdo fóólítì. Láàárín ìlà 12 V àti ìsàlẹ̀, 1 kΩ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹrù kékeré àìyẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá kan orí àti ìdí 18 kΩ, ìṣàn tún lè gba inú 1 kΩ sọ̀ kalẹ̀, kó sì gba inú 4.7 kΩ gòkè padà. Ọ̀nà kejì nìyẹn, 5.7 kΩ. Ẹ sọ 18 di púpọ̀ ní ìgbà 5.7, ẹ gba 102.6, ẹ fi àròpọ̀ wọn, 23.7, pín in: 4.33. Nọ́ńbà tó wà lójú mítà gan-an ni. Gígòkè tó ń gòkè láti 3.7 wá láti ọ̀dọ̀ kàpásítọ̀ 2200 µF tó wà lójú ibi tí 12 V ti ń jáde: nígbà tí òfìfo ni, ó ń ṣe bí ṣọ́ọ̀tì lórí 1 kΩ, ìṣàn ń bá 4.7 kΩ nìkan pàdé, títí ìwọ̀n iná mítà fi kún inú rẹ̀.

Àmì kan wà tó yẹ kó ti dá onítọ̀hún dúró. Lẹ́yìn tó fi rẹsísítọ̀ tuntun síbẹ̀, mítà tún sọ 4.33. Ohun tuntun àti ohun àtijọ́ kò lè ní àìsàn kan náà dé orí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, bọ́ọ̀dù ni mítà ń wọ̀n, kì í ṣe rẹsísítọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè kúrò nínú lẹ́ẹ̀dì, ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ibi tí àìsàn wà gan-an

Áísì tó ń darí páwà sọ́pláì yìí ni UC3842 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ keje rẹ̀ ló fi ń jẹun, ẹsẹ̀ karùn-ún ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kì í jí títí fóólítì ẹsẹ̀ keje á fi dé nǹkan bí 16 V, tó bá sì ti jí, kì í sùn àfi tó bá rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 10 V. Kó tó jí, ó lè mu tó 1 mA. Rẹsísítọ̀ 100 kΩ méjì tó tẹ̀lé ara wọn ló ń gbé oúnjẹ ìjí yẹn wá láti orí 322 V: 322 yọ 16, ẹ fi 200 kΩ pín in, 1.53 mA ló dé ibẹ̀ nígbà tí ara wọn le. Kàpásítọ̀ 22 µF wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ keje tó ń kó o pamọ́. Lẹ́yìn tí áísì bá jí, òwú kékeré kan lára tiransifọ́mà ló ń bọ́ ọ.

A fi ẹ̀mú so abẹ́rẹ́ dúdú mọ́ ẹsẹ̀ òdì kàpásítọ̀ 100 µF, abẹ́rẹ́ pupa mọ́ ẹsẹ̀ keje, ká tó ki púlọ́ọ̀gì bọ iná. A kò fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn náà. Tí ẹ bá so dúdú mọ́ ìsàlẹ̀ apá 12 V, ohun tí ẹ máa rí kò ní ìtumọ̀, torí apá méjèèjì kò pàdé ara wọn. Nọ́ńbà náà jẹ́ 7.4 V, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Èyí sọ ohun púpọ̀. Ká ní ó ń gùn dé 16 tó ń já sí 10 léraléra, oúnjẹ ìjí ń dé dáadáa, ibòmíràn ni ká wá àìsàn lọ. Ká ní òdo ni, ọ̀nà ti gé pátápátá tàbí ẹsẹ̀ keje ti ṣọ́ọ̀tì. 7.4 tó dúró sójú kan túmọ̀ sí pé oúnjẹ ń bọ̀, kò tó ni.

A yọ púlọ́ọ̀gì, a fi 10 kΩ fa kàpásítọ̀ gbẹ, a yẹ̀ ẹ́ wò, a wá wọn 100 kΩ méjèèjì lórí bọ́ọ̀dù lójú 2M. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ẹ jẹ́ ká pe èyí tó wà lápá 322 V ní R1, èyí tó wà lápá áísì ní R2.

Abẹ́rẹ́ kan R2: 92 kΩ. Ó ń gòkè wúyẹ́wúyẹ́, 93, 94, ó dé 96 lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá. A tún fa àwọn kàpásítọ̀ gbẹ, abẹ́rẹ́ kan R1: 92 kΩ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ hàn, bí ti èkejì gẹ́lẹ́. Kí ojú tó ṣẹ́ ó ti di 110, ó di 130, ó ń sá lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá kan náà, ó ti kọjá 600 kΩ.

Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ kàn án fìrí tó sì gbé e kúrò, 90 ó lé díẹ̀ ló máa rí lára méjèèjì, á sì sọ pé wọ́n súnmọ́ 100, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ohun tó mú kí wọ́n jọ ara wọn níbẹ̀rẹ̀ ni kàpásítọ̀ 22 µF àti 100 µF tó so òpin kejì wọn pọ̀. Nígbà tí inú àwọn kàpásítọ̀ ṣófo, wọ́n ń ṣe bí wáyà, R1 àti R2 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú mítà. Ẹ wọn èyí, ẹ wọn ìyẹn, nọ́ńbà kan náà ni. Bí inú kàpásítọ̀ ti ń kún, ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ń dí, rẹsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fi ara rẹ̀ hàn. R2 ń lọ sí 100, kò lè kọjá ibẹ̀. R1 kọjá 105 láìwẹ̀yìn, ìgbà tó sì kọjá 105 ni ẹjọ́ rẹ̀ ti parí.

A jó lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ R1 kan, a gbé e sókè, a jẹ́ kó tutù, a wọ̀n ọ́n: 1.31 MΩ, ìyẹn 1,310 kΩ. R2 tí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè bákan náà jẹ́ 99.2 kΩ. Ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù bá èyí mu: 1,310 àti 99.2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 92.2 kΩ.

Ní ìwọ̀n tó tóbi báyìí, ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ti ń wọ inú ìṣirò. Tí ẹ bá fi ìka ọwọ́ kan àti ọwọ́ kejì fún ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, ara yín ti di rẹsísítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ká ní ara yín jẹ́ 800 kΩ lọ́jọ́ yẹn, 1.31 MΩ á di nǹkan bí 497 kΩ. Tí òógùn bá wà lọ́wọ́, á tún kéré sí i. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kó kan irin, tàbí kẹ́ ẹ lo ẹ̀mú. Lára nǹkan tí kò tó 10 kΩ, ìka ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan.

A gbé orí irin ìjólẹ́ẹ̀dì sún mọ́ ara R1 láìfi kàn án, kí ooru díẹ̀ lè dé ibẹ̀. Nọ́ńbà gòkè kúrò ní 1.31, ó sì di OL, ìyẹn ni pé ó kọjá ohun tí ojú 2M lè kà. Nígbà tó tutù, ó padà sí 1.3. Awọ tíntín tó bo ara rẹ̀ nínú, tó ń gbé ìṣàn iná, ti ní ẹ̀là. Ooru ń fẹ ẹ̀là náà. Lójú, kò sí àmì kankan: kò dúdú, kò wú, àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́ roro.

Ìdí tó fi bàjẹ́

Bí R1 àti R2 ṣe tóbi tó fi hàn pé ¼ W ni wọ́n. Nígbà tí páwà sọ́pláì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ keje wà ní nǹkan bí 13 V, nítorí náà 154 V ló wà lórí rẹsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan. 154 lọ́nà 154, ẹ fi 100,000 pín in: 0.237 W. Ohun tí wọ́n kọ 0.25 W sí ń gbé 0.237 láìsinmi nínú àpótí tó gbóná. R1 ló sún mọ́ irin tí wọ́n de MOSFET mọ́, òun ni ooru pọ̀ jù lára rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ lọ.

Àìsàn rẹ̀ tún ń bí àìsàn. Nígbà tó ti di 1.31 MΩ, nǹkan bí 292 V nínú 322 ló ti bọ́ sórí òun nìkan, bẹ́ẹ̀ 250 V ni wọ́n sábà máa ń fàyè gbà fún rẹsísítọ̀ ¼ W. Ìṣàn tó ṣẹ́ kù jẹ́ 0.22 mA. Áísì tó lè mu tó 1 mA kó tó jí kò lè fi ìyẹn dé 16 V láéláé.

Àtúnṣe

Méjèèjì la pààrọ̀, torí ohun tó ṣe R1 ń bọ̀ wá ṣe R2. 100 kΩ, 1 W la fi síbẹ̀. A wọ̀n wọ́n lọ́wọ́ kí a tó jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, 99.6 àti 100.2. A gbé ara wọn sókè ní nǹkan bí mílímítà márùn-ún kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ wọn. Kàpásítọ̀ 22 µF náà la pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwọ̀n kàpásítọ̀ sọ 21.3 µF: ooru kan náà ló ti ń jẹ, ojú Ω kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá omi inú rẹ̀ ti ń gbẹ. A fi 18 kΩ tuntun tí wọ́n fi síbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè tó sì mú 18.0 wá.

Gílóòbù 60 W onírin gbígbóná la so sójú ọ̀nà iná 230 V nígbà àkọ́kọ́, kó lè gba ìjà tó bá ṣì ku ṣọ́ọ̀tì níbì kan. Ó mọ́ fìrí, ó ṣú. Ẹsẹ̀ keje gùn dé 16 V, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 13.2, ó dúró. Iná aláwọ̀ ewé mọ́. Ojú ibi tí 12 V ti ń jáde fi 12.05 V hàn, èyí sì bá 18 kΩ àti 4.7 kΩ mu pẹ̀lú 2.5 V tí TL431 ń tọ́jú.

Lẹ́yìn tí a yọ gílóòbù 60 W kúrò lójú ọ̀nà, gílóòbù ọkọ̀ 12 V, 21 W méjì la fi ṣe ẹrù. Nígbà tí a so méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, páwà sọ́pláì mi, kò gbé e. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan, tó bá tutù, jẹ́ 0.6 Ω péré lójú mítà lẹ́yìn tí a yọ ti wáyà. Tó bá ti mọ́ tán ló ń di nǹkan bí 6.9 Ω. Méjì tó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jẹ́ 0.3 Ω, ìyẹn kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀tì lójú áísì. A so ọ̀kan, ó mọ́, a wá so èkejì, páwà sọ́pláì gbé méjèèjì, 3.5 A, láìṣe wàhálà.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ lábẹ́ ẹrù yẹn, 154 V ló wà lórí rẹsísítọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan, méjèèjì dọ́gba. A yọ púlọ́ọ̀gì, a wọn kàpásítọ̀ ńlá lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: 4 V, níbi tí 210 V wà lọ́jọ́ tó dé. A ṣì fi 10 kΩ kàn án kí ọwọ́ tó kan bọ́ọ̀dù.